Ìbéèrè nípa àwòdì tó ń re Ìbarà

Ẹnìkan bi mí pé: "Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá." Ṣé ẹ̀fúùfù ṣe ẹyẹ náà níbi ni, tó wá ń fẹnu bo ìtìjú mọ́lẹ̀?

Rárá o. Ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tì í sí. Ẹ jẹ́ ká ní àyálégbé kan ti sanwó ilé tuntun sí Mọ́níyà, tó ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́ fún onílé, àfi bí onílé ṣe kó kúìtì lé e lọ́wọ́. Òwe tó máa pa nìyẹn. Ẹni tí kò ní in lọ́kàn rárá kí wọ́n tó lé e, òwe ẹlòmíràn ló ń pa.

Ẹyẹ náà gan-an ló là á yé mi. Àwòdì (àwọn kan ń pè é ní àṣá) kì í gbọn ìyẹ́ ṣáá bí ẹyẹlé. Yóò na ìyẹ́ gbalaja, atẹ́gùn á gbé e, ìrù rẹ̀ tó là bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló fi ń darí ara rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti rinlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba Òkè Ọya lọ. Lọ́nà oko Ìdó, bí wọ́n bá ń sungbó, ẹ ó rí wọn lójú èéfín, tí wọ́n ń ṣa tata tó ń sá fún iná. Ẹsẹ̀ ló fi ń já nǹkan gbà, òkè lọ́hùn-ún náà ló ti ń jẹ ẹ́. Torí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń pa òròmọdìẹ láró. Mo pa tèmi náà láró, ó ṣì gbé méjì.

Abẹ́òkúta ni Ìbarà wà, láàárín gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Ìbàdàn. Àárín àríwá àti ìlà oòrùn sì ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Àwòdì tó bá gbéra níhìn-ín lásìkò ọyẹ́, ìdí gan-an ni atẹ́gùn á ti tì í. N kò sọ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti dá òwe yìí o, kí àwọn Ẹ̀gbá má baà bá mi jà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa òwe náà, ẹ má pa á lójú onílé kó tó dá owó yín tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ padà.