Ṣé Adùn Àgbàdo Burú Ju Ṣúgà Ìrèké Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Houston ni èmi àti àwọn ọmọ mi méjì ń gbé. Àǹtí mi sọ pé májèlé ni High-Fructose Corn Syrup, ìyẹn adùn àgbàdo, tí wọ́n ń kọ sára ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbí, pé Coca-Cola inú ìgò tó ń ti Mẹ́síkò wá ni kí n máa rà fún wọn, torí pé ṣúgà ìrèké ni wọ́n fi ṣe é. Ó sì wọ́n ju ti ibí lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ìgò tí ẹ ń fowó gọbọi rà yẹn náà kò gba ọmọ lọ́wọ́ ohunkóhun.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì bí wọ́n ṣe ń ṣe adùn yìí. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yọ èèrí rẹ̀, títí yóò fi ku kìkì funfun tó ń tòrò sílẹ̀. Níbi tí tiwa ti ń di ẹ̀kọ, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà á da ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń yí oúnjẹ padà, sí tiwọn kó lè di glucose, oríṣi ṣúgà kan, wọ́n á sì tún fi ẹ́ńsáìmù mìíràn sọ apá kan glucose náà di fructose, oríṣi ṣúgà mìíràn tó dùn jù ú lọ. Èyí tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò sábà máa ń ní fructose ìdá 55 nínú 100. Ti inú búrẹ́dì sì sábà máa ń jẹ́ ìdá 42. Ṣúgà ìrèké ńkọ́? Ìdajì glucose, ìdajì fructose tó so mọ́ra ni, ìfun wa sì ń tú u ká kíákíá. Kódà, kíkan inú ọtí náà ti máa ń tú púpọ̀ nínú rẹ̀ ká kí ẹ tó ṣí ìgò. Oyin tí a kì í bú pàápàá, glucose àti fructose yìí náà ni ṣúgà tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ìjọba Amẹ́ríkà dín iye ṣúgà tó ń wọlé láti òkèèrè kù, ṣúgà sì wọ́n. Ní 1984, Coca-Cola àti Pepsi gba ti àgbàdo, láàárín àsìkò tí àwọn ará ibẹ̀ ń sanra sí i. Ní 2004, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Bray, Nielsen àti Popkin, dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí adùn àgbàdo wà lára ohun tó fà á. Àbá ni, kì í ṣe ẹ̀rí: nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi méjèèjì wéra lára ènìyàn lẹ́yìn náà, ìwọ̀n ara kò yàtọ̀ ní pàtàkì. Èmi kò gbè sẹ́yìn àwọn tó ń ṣe é o. Ní 2010, wọ́n bẹ FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní ṣúgà àgbàdo, bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ kí a má baà dá a mọ̀. Àjọ náà kọ̀ ní 2012.

Iye tí ọmọ ń mu ló yẹ kó ká yín lára. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ lórí fructose, bó bá sì ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á máa sọ apá kan rẹ̀ di ọ̀rá, ìbáà ti inú ìrèké wá tàbí inú àgbàdo. Agolo Coca-Cola kan tó gba mílílítà 355 ní ṣúgà gíráàmù 39, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì mẹ́wàá. American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, sì sọ pé ṣúgà àfikún, ìyẹn èyí tí wọ́n fi kún oúnjẹ, kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 25 lóòjọ́ fún ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì.

Bí ẹ bá lọ sọ́jà, ẹ wo ẹ̀yìn ike fún Added Sugars, ìyẹn ṣúgà àfikún. Ẹ fi mẹ́rin pín iye gíráàmù tí ẹ bá rí, yóò di ṣíbí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo iye ènìyàn tí wọ́n ní ike náà wà fún, nítorí iye gíráàmù tí wọ́n kọ lè jẹ́ ti ẹnì kan péré, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sábà máa ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ wò ó lára búrẹ́dì, kẹ́ṣọ́ọ̀pù àti yógọ́ọ̀tì náà. Malt tí a fi ń ṣàlejò, tí a sì gbà pé ó ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀, ẹ yí òun náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀.