Ẹ má sá sábẹ́ igi

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá èèyàn lè dúró sábẹ́ igi bí òjò bá ká a mọ́ oko, tí kò bá sáà ti mú àdá lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Igi yẹn gan-an ni ewu, torí àrá.

Ọdún kẹjọ rèé tí èmi àti àbúrò mi sá sábẹ́ máńgòrò kan lóko wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Òjò àkọ́rọ̀ ni, kò tíì rọ̀ dáadáa. Àbúrò mi fẹ̀yìn ti igi. Èmi wà ní bí ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí i, mò ń di ẹnu àpò ẹ̀gẹ́. N ò gbọ́ ìró àrá yẹn rárá. Funfun báláú ni mo rí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kú, mo bá ara mi nílẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, èèpo igi ti bó láti òkè délẹ̀, àbúrò mi ò sì mí.

Àwọn tó sáré wá ní kí n má fọwọ́ kàn án, àfi bí Mọ́gbà, àwòrò Ṣàngó, bá dé. N ò bú àwọn baba wa, ṣùgbọ́n iná kì í dúró lára ẹni tí àrá bá sán, ẹ lè dì í mú. Òṣìṣẹ́ ìlera kan tó ń tọjà bọ̀ ló kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀ láìdúró, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, títí ó fi mí. Ó yè, ṣùgbọ́n etí ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́.

Iná tó bá bọ́ sórí igi máa ń fò mọ́ ẹni tó wà nítòsí, a sì tún máa gba inú ilẹ̀ lọ. Ẹ rántí màlúù 36 tí àrá pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òkè ní Ìjàrè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹsàn-án 2019.

Ahéré tí kò ní ògiri ò gbani, ọ̀kadà náà ò gbani. Ilé gidi ni, tàbí inú mọ́tò onírin tí ẹ ti gíláàsì rẹ̀ pa. Bí mànàmáná bá kọ, tí ẹ ò tíì ka 30 ìṣẹ́jú àáyá kí àrá tó dún, ó ti sún mọ́ yín jù. Ẹ má jáde àfi tí ó bá ti tó 30 ìṣẹ́jú tí ẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Oko wa tó ìrìn ìdajì wákàtí sílé, nítorí náà bí ìlà-oòrùn bá ti ń ṣú, a ti ń di ẹrù. Àbúrò mi ló máa ń kọ́kọ́ rí i; ojú rẹ̀ kì í kúrò lókè mọ́.