Ẹ fi bẹ́líìtì ẹ̀yìn sílẹ̀ ná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní sítọ́ọ̀ Ìdúmọ̀tà ń ráhùn ẹ̀yìn dídùn àti èjìká ríro, ẹ sì fẹ́ ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ìyẹn ìgbànú fífẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí gbẹ́rù, fún gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yẹn dúró. Láti 1994 ni NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ewu ibi iṣẹ́, ti ní àwọn ò fọwọ́ sí i pé kí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ dá ṣáká máa dè é kó má baà ṣèṣe. Ẹni tó dè é tún lè rò pé agbára òun ti lé sí i, kó wá gbé ohun tí kò yẹ kó gbé.

Ẹ kọ́kọ́ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀. Kí kálukú fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, kó sọ iṣẹ́ tó máa ń mú un wá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láwùjọ, wọ́n á ní kò sí nǹkan, torí kíṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá wo ẹrù. Àpò ìrẹsì yín jẹ́ 50 kílò. HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò ibi iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi 25 kílò ṣe òdiwọ̀n fún ọkùnrin, 16 fún obìnrin, bí ẹrù bá sún mọ́ ara tó sì wà ní ìbàdí. Bó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ọwọ́ sì nà jìnnà sí ara, 25 yẹn já sí 5 péré, torí bí ẹrù ṣe ń jìnnà sí ikùn ni iṣan ẹ̀yìn ń fa agbára kún agbára. Kí ẹni méjì jọ gbé e ńkọ́? Ìdá méjì nínú mẹ́ta àròpọ̀ agbára wọn ló ṣeé fọkàn tẹ̀, bíi 33 kílò. Àpò yẹn ṣì jù wọ́n lọ! Àpò 25 kílò ni kẹ́ ẹ máa rà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí trọ́lì máa gbé 50.

Trọ́lì onítáyà ńlá ni kẹ́ ẹ rà. Táyà kékeré máa ń há sí etí gọ́tà, ẹni tó ń tì í á wá fi ẹ̀yìn fà á yọ. Ẹ máa wo afẹ́fẹ́ táyà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó sì ń ba ètò jẹ́ jù ni páálí tó dí ojú ọ̀nà: bí trọ́lì ò bá ti ríbi kọjá, orí ni wọ́n á fi rù ú.

Ẹ to pálẹ́ẹ̀tì òfìfo (pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé) tó dúró dáadáa bíi mẹ́ta léra, kẹ́ ẹ to àpò lé e. Ohun tó wúwo, àárín orúnkún sí àyà. Páálí bisikíìtì lè wà lókè. Ìrẹsì àti òróró ò gbọ́dọ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá já ẹrù ló burú jù. Bó bá jẹ́ iye àpò lẹ fi ń sanwó, wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa lọ́ ìbàdí dípò kí wọ́n fẹsẹ̀ yí. Ẹ sanwó ọjọ́. Kí ẹni tó ń já ẹrù àti ẹni tó ń ti trọ́lì máa pààrọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, kí iṣan kan lè sinmi.

Bẹ́nì kan bá ṣèṣe, òfin 2010 lórí gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ fún un ní ọjọ́ 14 láti sọ fún yín, ẹ̀yin náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú náà, létí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, ẹ má fi àgbo dá a dúró. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì.