Ẹ Bi Wá: Ṣé kí n lọ ṣe másítà nínú industrial engineering?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Mechanical ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti ṣe ọdún méjì nílé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Adó. Ó wù mí kí n lọ ṣe másítà nínú industrial engineering, àmọ́ bàbá mi ní ṣe ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ máníjà. Ìṣirò ẹ̀ náà ń bà mí lẹ́rù. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ọmọ Ìkẹ́rẹ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú ìrònú o. Bá mi kí bàbá dáadáa, ọ̀rọ̀ wọn yé mi, torí ẹni tó san owó ilé ìwé títí ọmọ fi di ẹnjiníà á fẹ́ rí sípánà lọ́wọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ máníjà lèyí o. Mechanical ń béèrè pé báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, industrial ní tiẹ̀ á kó ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́, ọjà, àkókò àti owó pọ̀ sójú kan, á wá béèrè pé ibo gan-an ni iṣẹ́ ti ń há.

Ṣó o ti dúró síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí? Àwọn ìyá ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ń lọ̀ ọ́, wọ́n dà á sápò, wọ́n fi jáàkì fún un, wọ́n jọ̀ ọ́, ó wá ku yíyan. Tó bá jẹ́ agbada méjì péré ló wà nílẹ̀, tí ẹnì kan wá yáwó ra ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ tuntun tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gàrí ò ní fi kóńgò kan pọ̀ sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àpò ẹ̀gẹ́ tó ń kan kọjá ààlà níwájú agbada ló máa pọ̀ sí i, gbèsè á sì wà nílẹ̀. Agbada kẹta ni wọn ìbá rà! Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ nìyẹn, kó o lè rí ibi tó há kó o tó náwó, yálà gàrí ni o, sìmẹ́ǹtì ni, tàbí àwọn aláìsàn tó tò sílẹ̀ ní ọsibítù.

Ti ìṣirò, má jẹ́ kó lé ẹ sá. Wo òfin kan tí John Little, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1961: tí èèyàn 12 bá ń wọlé síbi ìlọ̀gẹ́ ní wákàtí kan, tí kálukú sì ń lo ààbọ̀ wákàtí kó tó jáde, bó pọ̀ bó kéré, bí èèyàn 6 lo máa bá níbẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ lásán ni. Òótọ́ ni pé ó máa le jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá yá, linear programming wà ńbẹ̀, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń pín ohun tí kò tó lọ́nà tó máa mú èrè jù wá, George Dantzig, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló gbé simplex, ọ̀nà tí wọ́n fi ń yanjú ẹ̀, kalẹ̀ ní 1947, simulation náà wà ńbẹ̀, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àmọ́ probability (ìṣirò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀) àti statistics (ìṣirò àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó jọ) ni mo rí i pé ó máa ń yọ àwọn ọmọ mechanical lẹ́nu jù, nítorí náà tún wọn kà báyìí kó o tó wọlé.

Kó o sì sọ ti Frank Gilbreth fún bàbá. Ará Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́kọ́ kọ́. Ó rí i pé gbogbo ìgbà tí bíríkìlà bá fẹ́ mú bíríkì ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló bá ṣe pẹpẹ tó ń gbé bíríkì wá síbi tí ọwọ́ ti lè tó o, ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ara ṣe lọ́nà 18 lórí bíríkì kan wá di bíi 5. Ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ pọ́ńbélé ló bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.

Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Industrial and Production, kò jìnnà sí wa, lọ béèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́, má lọ lọ́wọ́ òfo. Èmi lọ láìní ìṣòro kankan lọ́wọ́, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wá ohun tí màá kọ thesis lé lórí, ó dùn mí gan-an. Ìwọ wà nínú ilé iṣẹ́ báyìí: ra ìwé kékeré kan, gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìgbà tó bá dúró kọ aago tó dúró, aago tó tún bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó fà á, bóyá iná ló lọ ni o, rólù náílọ́ọ̀nù ló tán ni, tàbí omi ń jò lẹ́nu ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ìwé yẹn ni kó o gbé lọ bá lẹ́kíṣọ̀ rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: HND ni mo ní, ṣé èmi náà lè ṣe é? Ìyá Ìbejì, Ọ̀yẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn dípúlómà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú másítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà fúnra wọn kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.