Ibi tí wàá gbà sọ̀kalẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò: kẹ̀kẹ́ lórí òkè, láti Abuja títí dé Jos

Àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Kubwa, ní Abuja níbí, láti Ìlọrin ní òun ti ra kẹ̀kẹ́ eré, èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Ó ń béèrè ọ̀nà tó gba àárín òkè àti abúlé kọjá, ó sì ń rò ó pé tí ọyẹ́ bá dé, òun á gùn ún dé Jos. Àwọn tó ti dá a lóhùn ṣáájú sọ̀rọ̀ gíà àti agbára ẹsẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àbúrò, ohun tí ojú mi ti rí lórí àwọn òkè yìí ni pé ibi tí wàá gbà sọ̀kalẹ̀ ló yẹ kí o fi yan ọ̀nà. Tí ìgòkè bá le jù fún ọ, wàá bọ́ sílẹ̀, wàá máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ lọ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìsọ̀kalẹ̀ kì í fún èèyàn láyè bẹ́ẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ. Láti Kubwa tí o wà yẹn, gba Dutse Alhaji, kí o kọrí sí Ushafa àti Bwari. Àárọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè ni kí o lọ o, torí pé Bwari ni olú ilé iṣẹ́ JAMB àti Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin wà, ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣeé gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀. Tí o bá ti kọjá èrò ọjà Dutse, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, títì á máa gòkè díẹ̀, á máa sọ̀ díẹ̀, kò sì sí èyí tó pọ̀ jù fún bíréèkì rẹ nínú wọn. Yà sí Ushafa, abúlé tí Bill Clinton ṣe àbẹ̀wò sí ní ọdún 2000. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ìsédò Usuma wà, omi tí Abuja ń mu. Mo fẹ́ràn agbègbè yẹn gan-an. Tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, tí oòrùn kò tíì kọjá orí àpáta, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù débi pé wàá gbàgbé pé Abuja ni o wà.

Bwari ni kí o ti yí padà. Ọ̀nà tó tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀ lọ sí apá Jere, n kì í gbé kẹ̀kẹ́ gbà á, bẹ́ẹ̀ ni n kì í gun ọ̀nà Kàdúná lẹ́yìn Zuma, bó ti wù kí àpáta náà wu ojú tó. Ìjínigbé kì í ṣe ìtàn fún àwa tó ń gbé níbí.

Ohun kan wà ní agbègbè Ushafa àti Bwari tí ẹni tó wá láti ìlú wa kò ní mọ̀. Àwọn obìnrin Gbagyi, tí àwa ń pè ní Gwari, èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí. Obìnrin tó ru igi ìdáná ń lọ lẹ́bàá títì, tí o bá fi agogo lù ú lójijì lẹ́yìn, á yíjú wò ọ́, igi yẹn á sì bá a yí. Orí igi lè gba àyà rẹ. Nítorí náà, láti ọ̀nà jíjìn ni kí o ti lu agogo, kí o kí i, “Sannu,” kí o dúró kó dáhùn kí o tó kọjá, kí o sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀. Ti màlúù rọrùn ju ìyẹn lọ: dúró. Má ṣe kó sáàárín agbo. Darandaran á kó wọn kọjá.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o lọ gun òkè Mpape, torí pé ó súnmọ́ Maitama. Òkè náà dára fún ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Típà tó kó òkúta wẹ́wẹ́ máa ń dà á sí ojú títì, pàápàá níbi kọ́nà, táyà tín-ín-rín kò sì lè dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ nígbà tí o bá ń sọ̀ bọ̀. Nítorí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn nìkan ni mo fi yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀nà mi.

Ó yá, ìsọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí eré rẹ bá kúrò ní 30 kìlómítà ní wákàtí kan tó di 60, ibi tí bíréèkì máa gbà kó tó dá ọ dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Kòtò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, o ti wà nínú rẹ̀. Bíréèkì tó ń fún rìmù mọ́ra, ooru ló ń sọ gbogbo eré yẹn dà. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ láìjọ̀wọ́ rẹ̀, rìmù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú túùbù á sì máa wú. Èmi àti ẹnì kan jọ sọ̀ ní Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà Akwanga ti ń gun òkè Jos. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ló dì mú láti òkè délẹ̀. Mo ń gbóòórùn rọ́bà bíréèkì rẹ̀ láti ẹ̀yìn tí mo wà. Ìsàlẹ̀ ni a dúró sí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, túùbù ẹ̀yìn bú gbàù bí ìbọn. Nígbà tó fẹ́ yọ táyà, ó fọwọ́ kan rìmù, ó yára fà á padà: ìka rẹ̀ ti bó. Ká ní orí eré ni túùbù yẹn ti bẹ́, pẹ̀lú tírélà tó wà lẹ́yìn wa, n kò fẹ́ ronú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kí n tó dé kọ́nà ni mo ti ń tẹ bíréèkì, iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀, kó le, kó má pẹ́. Lẹ́yìn náà n ó jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá kí atẹ́gùn fẹ́ sí rìmù. Inú kọ́nà gan-an kọ́ ni a ti ń tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà tó wà lápá ìta kọ́nà á wà nísàlẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú mi á wà níbi tí mo fẹ́ jáde sí. Mo máa ń di apá ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, torí ibẹ̀ ni ìka ti lágbára jù lórí bíréèkì. Níbi tí òjìji igi bá bo títì, mo máa ń gbà pé kòtò wà níbẹ̀, n ó dín eré kù kí n tó wọ̀ ọ́. Bákan náà, má ṣe tẹ̀ lé ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ kan máa ń yọ gíà níbi ìsọ̀kalẹ̀ kí epo má baà tètè jó tán, bíréèkì wọn nìkan ló wá ń di gbogbo ẹrù yẹn mú. Tí mo bá gbọ́ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, mo máa ń kúrò ní títì pátápátá, n ó jẹ́ kó lọ.

Táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 28 ni kí o lò, tàbí 32 tí férémù rẹ bá gbà á. 23 kò yẹ títì wa. Gíà kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn, ó tán.

Ti Jos wá ńkọ́? Má ṣe gun kẹ̀kẹ́ láti Abuja lọ síbẹ̀. Ọ̀nà náà ju 200 kìlómítà lọ, tírélà pọ̀ láti Nyanya dé Keffi dé Akwanga, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá, ìyẹn ni pé iwájú rẹ gan-an ló ti ń bọ̀. Gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Jos fi nǹkan bíi 700 mítà ga ju Abuja lọ. Lórí rẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ ju bí o ṣe rò lọ: láti Rayfield sí Bukuru, kí o yà sí Vom, wàá rí adágún omi tí àwọn tó ń wa tánganran fi sílẹ̀, oko pòtétò tí wọ́n fi igi ọrọ́ ṣọgbà yí ká, àti àpáta tó to léra wọn bí ẹni pé ẹnì kan ló tò ó. Ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ dé, kò sí ibòmíràn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Sùẹ́tà ṣe pàtàkì láàárọ̀ Disẹ́ńbà, àti ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú, torí ìka tó kú kò lè tẹ bíréèkì.

Àmọ́ o, Riyom àti Barkin Ladi ti rí ìkọlù tó pọ̀ lọ́dún àìpẹ́ yìí, ẹ̀mí sì ti bọ́ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ jáde gan-an ni kí o béèrè lọ́wọ́ onílé rẹ àti àwọn ọlọ́kadà bí ọ̀nà ṣe rí. Tí ẹnì kan bá ṣiyèméjì, Rayfield nìkan tó ọ lọ́jọ́ náà. Má dá lọ. Kí o ti délé kí oòrùn tó kanrí. Hawan Kibo ńkọ́? Inú ọkọ̀ ni kí o ti wò ó.

Omi: ọyẹ́ ń gbẹ òógùn lára kí o tó rí i, o ò ní mọ̀ pé o ti ń gbẹ. Ìgò 750 mílílítà kan fún wákàtí kan, kódà tí òùngbẹ kò bá gbẹ ọ́. Dàbínò pọ̀ káàkiri níbí, kó o sínú àpò.

Tí o bá ń gbé kẹ̀kẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Jos, yọ pẹ́dà méjèèjì, yọ táyà iwájú, yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o sì sọ iye owó ẹrù pẹ̀lú dírẹ́bà kí o tó jókòó. Fi páálí bo ẹ̀gbẹ́ tí ṣéènì wà, kí wọ́n má baà gbé àpò ìrẹsì lé e. Kí o tó kúrò ní Abuja, yẹ rọ́bà bíréèkì wò. Tí ìlà ara rẹ̀ bá ti ń pa rẹ́, pààrọ̀ rẹ̀ níbí, kí o sì mú méjì mìíràn dání. Jẹ́ kí n mọ irú bíréèkì tó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ, ti rìmù ni àbí ti dísìkì, n ó sọ èyí tí wàá rà.