Èsì: Ẹ̀yìn ń dun bàbá mi lóru, X-ray ò rí nǹkan kan

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní X-ray tí wọ́n yà l'Ádò ò fi nǹkan kan hàn, wọ́n sì ní làkúrègbé ni. Ẹ má tíì gbà. Bí kòkòrò bá wọ eegun ẹ̀yìn, X-ray lè mọ́ tónítóní fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́.

Ìyá mi ni mo fi kọ́gbọ́n. Oṣù kan gbáko la fi ń fi róòbù pa ẹ̀yìn wọn, títí dókítà kan fi rọra fi ìka kan eegun kan ṣoṣo, tí màmá figbe ta. Ó bi wá bóyá ibà máa ń gbé wọn, bóyá wọ́n ń rù. Èmi ò tilẹ̀ ka rírù yẹn sí!

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ESR àti CRP, àyẹ̀wò méjì tó ń fi hàn bóyá ara ń bá àìsàn bíi kòkòrò jà. Bí méjèèjì bá ga, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara kínníkínní, ló kàn. Òun ló ń rí i ní kùtùkùtù. Àmọ́ MRI kì í dárúkọ kòkòrò. Wọ́n á gbin ẹ̀jẹ̀ wò, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú eegun náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn láìsí ikọ́ rárá, nítorí náà kí wọ́n wá a pẹ̀lú GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ara bàbá bá ṣì gbà á, ẹ má tíì ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì. Ó lè fi kòkòrò náà pamọ́ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí ìtọ̀ ò jáde, ilé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ náà ni.