Ọkùnrin Tó Ń Fi Kùmọ̀ Lu Ọ̀nì

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ìwé ìtàn kan tí mo rà ní Kútọ̀, mo rí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ọkùnrin kan tó ń fi kùmọ̀ lu àwọn ọ̀nì nínú omi. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni, James Gillray ló yà á ní 1798, lẹ́yìn tí Nelson ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ ogun Faransé nítòsí ẹnu Odò Náílì. Àwọn ọ̀nì náà dúró fún àwọn ọkọ̀ ọ̀hún: èyí tó ń bú gbàù ni L'Orient, tó gbiná tó sì fọ́ yángá lóòótọ́, àwọn tó sì fi ìkọ́ wọ́ lẹ́yìn ni èyí tí wọ́n gbà. Nínú ọkọ̀ ogun ńlá 13, méjì péré ló bọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: Gillray kò ya atukọ̀ kankan sí i, bí ẹni pé Nelson nìkan, tó ti pàdánù apá kan, ló dá ogun náà jà.